Orúkọ Tí Nótárì Fẹ́ Gbọ́ Lẹ́nu Mi

Abà Ìdí-Ọsàn,
Lẹ́bàá Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ Ajé.

Munirat ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ọmọ rẹ ń jẹun? Ṣé omi ọ̀sà kò tíì wọ Bàrígà bá yín nínú yàrá? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o tún rí ìbànújẹ́ mìíràn lẹ́yìn ti bàbá rẹ, kí ó sì tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè rẹ̀. Àmín. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ bí ìbejì, òrùlé ilé ìdáná tún ti ń jò, Ìyá Oyèbísí tó múlé tì wá sì ní kí n kí ọ, ó ní òun ṣì ń retí bàtà.

Mo rí fọ́tò ìwé ìbúra pé ìyàwó bàbá rẹ ni mí, èyí tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, pé kí n wo ibi tí màá tẹ̀ka sí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá fi báírò kun àtàǹpàkò mi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé náà lójú fóònù, mo sì dì í mú títí mo fi ka ogún. Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ ọn lójú. Mi ò tíì nù ún o, kí ìka mi má baà parẹ́ kí n tó dé Èkó. Bí o bá pè tí mi ò gbé e, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Mo ti ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù náà, ṣùgbọ́n Wonder tó ń ya fọ́tò gé mi lọ́rùn. Mo ní èmi kò fi orí nìkan ṣe ìyàwó, kí ó ya gbogbo ara mi. Ó kọ̀. Bá mi bi lọ́yà Onípanu yẹn, èyí tí ẹ ń pè ní nótárì, bóyá orí nìkan tó. Òǹtẹ̀ pupa tí o ní ó máa lù ńkọ́, ṣé ara ìwé ni àbí ara mi? Bí ó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń lu ti màlúù nílé ìpẹran ni, kí ó lù ú síbi tí bùbá máa bò.

Èyí tó dà mí láàmú jù ni pé o ní lọ́yà máa bi mí lórúkọ ọkọ mi ní Àlàmísì, pé kí n fi ẹnu ara mi pè é bó ṣe wà nínú ìwé ilé. Munirat, ọdún méjìdínlógójì ni mo fi wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ìyàwó wo ló ń pe ọkọ lórúkọ? Kí a tó bí ọ, “Ẹ gbọ́ ná” ni mo ń pè é. Nígbà tí a bí ọ, ó di Bàbá Munirat. Bí mo bá fẹ́ kí ó ra nǹkan fún mi, màá kì í ní Àkànbí, yóò sì rà á. Kí ló dé tí Àkànbí kò tó lọ́yà?

Kò tó, mo mọ̀, nítorí Akọ̀wé ni. Àbúrò bàbá rẹ tó wà ní Ṣómólú yẹn, èmi ni mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé nígbà tí mo wọlé ọkọ, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀, èmi ni mo sì ń nu imú rẹ̀. Bí mo bá mọ̀ pé yóò fẹ́ fi pẹ́ńsùlù náà kọ ilé wa ní Abúlé Òkúta, ní Bàrígà tí o wà yẹn, sórúkọ ara rẹ̀, Imú-ń-Ṣàn ni ǹ bá sọ ọ́. O ní ó ń sọ kiri pé obìnrin oko kan ń pe ara rẹ̀ ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, kò sì mọ orúkọ ọkọ. Ó mọ àṣà ilé wọn dáadáa. Ó mọ̀ pé mi ò lè pe orúkọ náà, èyí ni ó sì fẹ́ fi lé ìwọ àti ọmọ rẹ jáde nínú yàrá tí bàbá rẹ fi òógùn rẹ̀ kọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí dánra wò. Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo dojú kọ ìkòkò omi lẹ́yìn ilé ìdáná bíi pé òun ni nótárì. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ. Ìgbà àkọ́kọ́, ikọ́ ló jáde. Ìgbà kejì, Bàbá Munirat ló jáde. Ìgbà kẹta, mo dijú, mo fi gbogbo ohùn mi pè é. Ohùn ọkùnrin kan sì dáhùn lẹ́yìn ọgbà pé òun ń bọ̀.

Ọlọ́kadà tó wá gbé Ìyá Oyèbísí lọ sọ́jà ni. Orúkọ kan náà ni òun àti bàbá rẹ ń jẹ́. Ó sáré wọlé, ó bi mí pé, Màmá, níbo là ń lọ? Ìyá Oyèbísí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní ṣé ọkọ tuntun ni mo ń pè ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún, torí kí ọkùnrin yẹn tó yọjú, mo ti ń tún gèlè mi wé.

Màá wá. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi ti páànù ilé ìdáná kún un, àti èyí tí màá fi ra ẹ̀gúsí fún lọ́yà, kí n má lọ bá a lọ́wọ́ òfo. Má fi í sínú fóònù o, ìka mi wà níbẹ̀. Fi rán dírẹ́bà Ìsẹ́yìn.

Ohun kan ni mo tún fẹ́. Lọ́dọ̀ lọ́yà, dúró tì mí. Bí mo bá pe orúkọ náà tán, bá bàbá rẹ dáhùn, kódà bí lọ́yà bá rò pé orí wa dàrú. Mi ò fẹ́ pè é kí ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ẹnu tó fẹ́ lé ọ jáde ni yóò máa kí ọ káàbọ̀. Wàá darúgbó nínú ilé bàbá rẹ, ọmọ tìrẹ náà yóò sì dúró tì ọ́. Mo ń fi báírò dán an wò ná, kí ó tó kan ẹnu:

Èmi ni ìyá rẹ, Serifat,
ìyàwó Àbdùlláhì Àkànbí Àjàlá.