Omi Òdòdó Ọ̀ṣẹ́nì

Agbo Ilé Ìyápọ̀,
Ìlerò.
Oṣù kejì, ọdún 1982.

Ọ̀ṣẹ́nì ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé Èkó kò fi ọwọ́ líle mú ọ? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a gbọ́ aburú nípa rẹ. Gbogbo wa wà láàyè níhìn-ín, àfi ọyẹ́ tó ń la wá létè, àti kànga tó gbẹ, tí ìyá rẹ fi ń rìn dé odò kí ó tó rí omi pọn.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé òtẹ́ẹ̀lì ńlá yẹn ti fi ọ́ ṣe olórí àwọn tó ń bomi rin òdòdó. Ìyá rẹ ní ṣé ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi í sè, mo ní rárá o, wíwò lásán ni wọ́n ń wò ó. Ó ní a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó ti kúrò ní kèrémí.

Ayọ̀ yìí ni mo gbé lọ sí Ìpàpó, sọ́dọ̀ àwọn àna wa, mo ka lẹ́tà náà sókè ketekete kí bàbá Àdìjátù lè mọ irú ọkọ tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́. Ìgbà tí mo kà á dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ni ẹ ń sọ di mímọ́ kí ẹ tó bu ú fún òdòdó, bàbá Àdìjátù na ọwọ́ dá mi dúró. Ó ní àṣé agbépòó ni òun fẹ́ fi ọmọ fún. Mo ní ẹ jẹ́ kí n ka èyí tó kù, àna mi, kòkòrò tí ojú kò rí ló ń jẹ ìdọ̀tí inú omi náà tán nínú táńkì. Ó ní ta ló rí wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́? Mo ní ọmọ mi ni ọ̀gá wọn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí n tó dìde, wọ́n ti gbé obì àti iyọ̀ tí a fi tọrọ ìyàwó jáde fún mi. Ó dùn mí, ọmọ mi, ó dùn mí wọra.

Àdìjátù ló sìn mí dé gárééjì, tomijétomijé. Ó ní òun kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè kọjú ìjà sí bàbá òun. Ó bi mí bóyá òdòdó náà lẹ́wà, mo ní n kò tíì rí i. Ó ní kí n bá òun béèrè bóyá pupa wà nínú rẹ̀.

Mo tún padà lọ bẹ bàbá rẹ̀. Ó ní òun fún mi di àkọ́rọ̀ òjò kí n fi han òun pé omi náà mọ́ lóòótọ́. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi gbẹ́ kànga jìn sí i, ṣùgbọ́n kí o tó ṣe ìyẹn, bu omi òdòdó náà sínú ìgò kan, kí o fi rán Jẹ́ẹ́dé onímọ́tò tó ń ná Èkó sí Ìlerò. Mo rí i pé o kọ ọ́ pé òdòdó nìkan ló wà fún, pé ènìyàn kì í mu ún. Láti kékeré ni èmi àti màlúù àwọn Fúlàní ti jọ ń mu omi odò kan náà. Níṣojú bàbá Àdìjátù ni n ó ti ṣe bísímílà, n ó sì mu ún tán. Bí inú bá tilẹ̀ run mí, kò ní ju ìjọ́ kan lọ, ìyàwó rẹ ni yóò bá ọ kalẹ́.

Ọlọ́run á bo àṣírí rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ìtìjú fún ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràmọ́nì Ìyápọ̀.