Alhaja Orí Káàdì

Ọjọ́bọ, 3 Júláì 2025
Ilé-ìwé tuntun tó wà lọ́nà Ilé-Ogbó ń wá télọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa rán yúnífọ́ọ̀mù wọn. Bí mo bá rí i gbà, mo bọ́ lọ́wọ́ síìpù àtúnrán. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ rí wa, kí kálukú mú káàdì dání. Mo lọ bá Mùrí onítẹ̀wé. Orúkọ mi, iṣẹ́ mi, nọ́ńbà mi, lórí pépà funfun — kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ jẹ iyán láìlọ́bẹ̀.

Jímọ̀, 4 Júláì
Mo lọ wo iṣẹ́. Págà! Wúrà níbí, wúrà lọ́hùn-ún, òdòdó, mọ́ṣáláṣí ní kọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá kéré bí eṣinṣin. Láti òní lọ, Ògbẹ́ni Wúrà ni mo sọ ọ́. Mo ní kó yọ gbogbo ẹ̀. Ó ní, Ìyá Faridah, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo?

Àbámẹ́ta, 5 Júláì
Ó yọ wúrà lóòótọ́. Káàdì náà mọ́, ó wuyì — àfi ohun tó fi ṣíwájú orúkọ mi. ALHAJA Kareemah Ajíbóyè. Èmi tí n ò dé pápákọ̀ òfurufú rí! Ó ní òun fi ṣaájò mi ni, pé ní Ìwó yìí, obìnrin tó ti lé lógójì tí kò jẹ́ Alhaja, ta ni yóò gba káàdì ẹ̀? Ó rí mi lára. Ó sì ti tẹ gbogbo ẹ̀ tán. Kò síná, kò lè tún un tẹ̀ kí ọjọ́ Ajé tó dé.

Àìkú, 6 Júláì
Mo fi bírò pa Alhaja rẹ́ lára mélòó kan. Ìdọ̀tí. Bàbá Faridah ní kí n jẹ́ kó wà, ta ló fẹ́ béèrè páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ mi? Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. Ṣíọ̀.

Ajé, 7 Júláì
Èyí tí mi ò pa rẹ́ ni mo mú lọ. Ìyáàfin Adédìpẹ̀ tó ni ilé-ìwé kà á sókè, wọ́n ní ẹni tó ti dé Mẹ́kà kò ní jí aṣọ àwọn. Wọn ò tilẹ̀ yẹ iṣẹ́ ọwọ́ mi wò. Èmi ni wọ́n mú. Mo dúpẹ́. Ẹnu mi korò títí mo fi délé.

Jímọ̀, 18 Júláì
Wọ́n ti pín káàdì mi fún àwọn òbí. Alhaja níhìn-ín, Alhaja lọ́hùn-ún. Mo ń jẹ́ ẹ.

Ọjọ́rú, 23 Júláì
Aáfà Abdullateef wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti Olúpọ̀nnà nítorí yúnífọ́ọ̀mù ọmọ-ọmọ wọn, káàdì mi lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló kọ́ mi ní Fátíhà nílé-kéú. Ẹnu tó máa ń jágbe mọ́ mi, “ìwọ Kareemah!”, ló ń pè mí ní ẹ̀yin Alhaja. Ẹ̀yin! Mo fẹ́ sọ òótọ́. Ìyáàfin Adédìpẹ̀ tó wá wo iṣẹ́ jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ṣa bọ́tìnnì yúnífọ́ọ̀mù, etí wọn wà lọ́dọ̀ wa.

Aáfà ní àwọn mọ̀ pé mi ò ní gbàgbé àwọn. Ṣé mo dárúkọ àwọn nínú àdúrà ní Àráfà, níbi tí Ọlọ́run ti ń dárí ji àwọn tó lọ Mẹ́kà?

Mo ní, mo dárúkọ yín, sà.

Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ọkàn àwọn ti balẹ̀ wàyí, ikú ò ba àwọn lẹ́rù mọ́.