Fi Àyè Sílẹ̀ Lẹ́yìn Orúkọ Usamah

Abúlé Ìdí-Ọsàn,
Ọ̀nà Ìkirè.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Ganiyat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ Madam Ifeoma ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dun wọ́n ti fúyẹ́? Ọlọ́run tó fi ààlà sáàárín omi òkun àti ilẹ̀ Àpápá yóò fi ààlà sáàárín ìwọ àti aburú. Ojú títì táwọn tírélà ti ń gbá lọ gbá bọ̀ yẹn, bí o bá ń jáde lọ, o ó bá ẹsẹ̀ rẹ wálé. Àmín.

Kí o tó ka ìwé yìí kọjá ibi tí o dé yìí, jọ̀ọ́, pe Ìyá Tamara tí ẹ jọ ń gbé, kí wọ́n wá jókòó tì ọ́. Bí wọ́n bá ń yan ẹja lọ́wọ́, ní sùúrù kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lórí iná. Mi ò fẹ́ kí o dá nìkan kà á. Sàlàkọ́, awakọ̀ tírélà tó ń kó kòkó wa lọ sí Wọ́ọ̀fù, ni mo fi ìwé náà rán. Mo ní tó bá ti gúnlẹ̀ sí Creek Road, kó fẹsẹ̀ rìn wọ Olódì, kó fi í lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Àwa níbí, a dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, kòkó sì ń dúdú lórí igi kó tó gbó. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bímọ, ìbejì ni, ọ̀kan ò yè. Lémọ́mù dá mi dúró lẹ́yìn Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé àwọn gbọ́ pé ọmọ mi ń tẹ ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn onígbàgbọ́ l'Ékòó, pé ṣé o ti yí padà ni. Mo ní rárá o, mo ní télọ̀ tó ń rán aṣọ ṣọ́jà, ṣé òun náà ti di ṣọ́jà ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí Ọlọ́run fi ọ̀nà mọ̀ ọ́. Ìyẹn náà ti tán.

Mo kọ́kọ́ fi fóònù wá ọ kí n tó mú bírò. Fóònù Mirabel ni mo yá, àgùnbánirọ̀ tí ìjọba rán wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní sùkúù, ọmọ Warri tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀ yín níbẹ̀ yẹn. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ, mo rò pé o ti gbà á padà, obìnrin kan sì dáhùn. Mo kí i dáadáa, mo ní ẹ káàárọ̀ mà, Ganiyat ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó fi òyìnbó dá mi lóhùn. Mo ní kò burú, bí kò bá sí nítòsí, ẹ bá mi jíṣẹ́ fún un. Mo sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún un, gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Nígbà tí mo parí, ohun tó sọ lákọ̀ọ́kọ́ náà ló tún sọ, ohùn rẹ̀ ò yí padà, kò kí mi kú ìrójú, kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. Mirabel gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, Bàbá, no vex, nọ́ńbà yìí wà nínú fóònù tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ Ganiyat ní Wharf Road, ẹ̀rọ ló ń dáhùn, kì í ṣe èèyàn. Mo ní ẹ̀rọ tó bá ti lè sọ̀rọ̀, ó yẹ kó lè báni kẹ́dùn.

Ganiyat, iṣẹ́ tí mo fi rán obìnrin náà nìyí. Ìyá rẹ ti lọ. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àṣùbáà tán, mo padà sí yàrá láti fún un lómi, kò sì sí ẹni tí n ó fún. A sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Má sáré wọ ọkọ̀, ọmọ mi. Ilẹ̀ ti pa dé. Jókòó, kí o sunkún, kí Ìyá Tamara dì ọ́ mú, lẹ́yìn náà kí o wá ka ìyókù, nítorí ọ̀rọ̀ bébà tí o tẹ̀ ránṣẹ́ wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí o mọ ohun tí bébà náà ṣe.

O rántí pé nígbà tí o kọ̀wé pé wọ́n ti já fóònù gbà, pé ohùn ìyá rẹ tí o gbà sínú rẹ̀ nígbà Iléyá ti bá a lọ, àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ níbí. Obìnrin tó ń ṣíwájú wákà fún gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wa, kò lè pe orúkọ mi mọ́. Mo ní ó parí náà nìyẹn. Fóònù lọ, ẹnu lọ, orin tó fi ń pe Usamah ẹ̀gbọ́n rẹ náà lọ. O ní rárá, o ní o ti gbọ́ orin náà títí kí wọ́n tó já fóònù ọ̀hún gbà, o sì ti kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò yé mi. Ìgbà tí Sàlàkọ́ gbé bébà náà dé, okùn márùn-ún tí wọ́n ta gbọọrọ ni mo rí, tí nǹkan dúdú dúdú so mọ́ ọn bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ṣì nírù. Mo gbé e síwájú ìyá rẹ, mo ní Mulíkátù, ohùn rẹ rèé. Ó wo bébà, ó wo ojú mi bí ẹni pé èmi gan-an ni àìsàn mú.

Mirabel ló là wá lójú. Ó ti kọrin nínú kúáyà rí ní Ajégúnlẹ̀, ó ní òun lè kà á. Ó jókòó sẹ́bàá ẹní, ó na bébà síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn ìyá rẹ rí láyé! Bí ìyá rẹ ṣe máa ń gbé “ilẹ̀ Àpápá” sókè, bẹ́ẹ̀ ló gbé e, bó ṣe máa ń wọ́ “omi ojú mi” nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló wọ́ ọ. Ìyá rẹ pa ojú dé, ó ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ọ̀rọ̀ dàrú. Ìwọ náà mọ bí ìyá rẹ ṣe máa ń kọ ibẹ̀ látìgbà tí kọ̀ǹténà ti já bọ́ lu Usamah ní Creek Road. Yóò pe “Usamah,” yóò dákẹ́. Gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ yóò dúró, ẹnikẹ́ni ò ní pàtẹ́wọ́, títí àyà rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀, kó tó wá ní “ọmọ mi.” Lórí bébà tìrẹ, orúkọ náà àti “ọmọ mi” gun ara wọn lórí, àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó wà lókè wọn lẹ̀ mọ́ra, Mirabel sì sáré kọjá bí ẹni tí òjò ń lé. Ìyá rẹ fi ọwọ́ òsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lu ògiri. Mirabel tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún débẹ̀, ìyá rẹ tún lu ògiri, ó ń lù ú títí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ọmọ ọlọ́mọ rò pé ohùn òun ni kò dáa, ó ń bẹ̀bẹ̀. Mo ní kì í ṣe ìwọ. Mo ní ọmọ rẹ̀ ni kò rí ibi jókòó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ọ nígbà náà. O dá mi lóhùn pé ìwọ lo fún un pọ̀, pé o fẹ́ kí gbogbo orin náà gba ojú ewé kan, kí ìyá rẹ lè fi ọwọ́ kan dì í mú. Ọlọ́run yóò san án fún ọ, èrò rere ni. O ní o máa kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí ẹ̀rọ kó ṣí wọn sílẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dojú rú fún mi. Mo rò pé ìwọ ń fọwọ́ ya àwọn nǹkan náà ni. Mirabel ní rárá, ó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán lo máa ń kọ, bí ẹni ń kọ̀wé síni, ẹ̀rọ yóò kà á, òun ni yóò ya orin, òun náà ni yóò pinnu iye àyè tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o tún kọ̀wé sí i pé kó sún wọn, yóò sì sún wọn. Mo ní áà, ìyẹn ni pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń gba ìwé ọmọ mi, tó sì ń dáhùn kánkán jù mí lọ.

Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì dé ní Ọjọ́ Ajé. Hà, Ganiyat! Ẹ̀rọ náà gbọ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdì bébà ni Sàlàkọ́ gbé wọlé, àwọn nǹkan dúdú náà jìnnà síra wọn bí abà ṣe jìnnà sí abà. Mirabel rẹ́rìn-ín, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ yíká ẹní, ó ń kọrin, ó ń rá kiri. Ó kọ ọ́ dé “Usamah,” bébà sì parí síbẹ̀. Ó wá ojú ewé tó kàn, kò rí i, àṣé ó ti wọ abẹ́ ẹní. Gbogbo yàrá dákẹ́. Mo wo ìyá rẹ. Àyà rẹ̀ gòkè, ó dúró lókè, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le. Kí Mirabel tó rí bébà náà, ètè ìyá rẹ ti ṣí. Kò sóhùn níbẹ̀, ọmọ mi, n ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n “ọmọ mi” lẹnu rẹ̀ sọ. Mirabel náà rí i, ó mú bébà dání, kò lè kọ ọ́ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò lu ògiri mọ́. Kò jẹun mọ́ pẹ̀lú. Ọjọ́bọ̀ ló lọ.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ní àwọn ó kọ orin náà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n pe “Usamah,” ẹni kan sáré gbé “ọmọ mi,” ẹnì kejì dúró, ẹnì kẹta pàtẹ́wọ́, wọ́n kọlu ara wọn, kò sẹ́ni tó mú wọn dúró. Orin náà fọ́ síbẹ̀. Ẹkún ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí gan-an nìyẹn.

Bá wa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kó má há, kó má sì fẹ̀ débi tí wọ́n ó máa rá nílẹ̀. Mo sọ fún Mirabel pé kí o kàn fi àyè gbàràmù sílẹ̀ lẹ́yìn orúkọ náà. Ó ní, Bàbá, àyè orí bébà, ojú ló wà fún, kì í ṣe etí, ẹni tó mọ̀wé orin á kàn kọjá lórí rẹ̀ ni. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ ní àmì tirẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa ń kọ ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀. Ó ya ọ̀kan fún mi sórí ilẹ̀, ó rí bí ojú kan tí ìpéǹpéjú bò, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí gbogbo ènìyàn dúró títí yóò fi tẹ́ ẹni tó ń ṣíwájú lọ́rùn. Bá wa fi ojú náà sórí Usamah. Ṣùgbọ́n fi àyè náà sílẹ̀ pẹ̀lú, mo ti rí ohun tó ṣe. Kí o sì ka èyí fún ẹ̀rọ náà: Baba Ganiyat ní kí n kí ọ. Ó ní bí ìwọ náà bá ti pàdánù ẹnìkan rí, má ṣe sún ọmọ òun mọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó bá di sàráà ogójì ọjọ́, a fẹ́ kọ ọ́ pé. Ìwọ ni yóò ṣíwájú, nítorí ìwọ nìkan lo kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bẹ Madam Ifeoma, sọ fún wọn pé èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá ká nínú owó, fi rán Sàlàkọ́ fún sàráà náà. Má yá owó. Bí kò bá tó àgbò, a ó dín àkàrà, Ọlọ́run mọ ilé oníkálukú. Bí ó bá ṣẹ́kù, ra oògùn orúnkún fún ọ̀gá rẹ, kí inú wọn lè yọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mirabel ní lókè bébà náà, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ni orin sí, “Orin Ìbílẹ̀” lo kọ síbẹ̀. Kì í ṣe orin ìbílẹ̀, Ganiyat. Mo wà níbẹ̀. Etí kànga ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé aṣọ Usamah wálé láì gbé Usamah. Ó sọ korobá kalẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ sínú omi, ó dákẹ́, mo rò pé ó fẹ́ bẹ́ sínú kànga, mo sáré dì í lẹ́yìn aṣọ mú. Orin ló ń wá. Pa “ìbílẹ̀” rẹ́. Kọ Mulíkátù Àbẹ̀kẹ́, aya Lásísì, ìyá Usamah, ìyá Ganiyat. Má gé e kúrú. Bí ẹ̀rọ bá ní orúkọ náà gùn jù fún ibẹ̀, sọ fún un pé kó sún gbogbo nǹkan tó kù.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó dá ọ sí fún mi, kí ọwọ́ tí o fi ń tẹ orin ẹlòmíràn má rọ, kí o bí ọmọ tìrẹ, kí wọ́n fi ohùn tiwọn pè ọ́ ní ìyá. Àmín, jáà Rọ́súlù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lásísì.