Ilẹ̀ Màmá Adéyẹyè Létí Odò Ìsánrin

Sí Tẹniọlá ọmọ wa, àti gbogbo ìdílé Adéyẹyè ní Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìbínú díẹ̀ tí a kò ní fi pamọ́, ni àwa Ẹgbẹ́ Onílé Ẹ̀sìtéètì Ìrọ̀rùn, ọ̀nà Uso, fi ń bá yín kẹ́dùn ikú ìyá yín, Màmá Janet Lábísí Adéyẹyè, nọ́ọ̀sì àgbà tó gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa. Ìtàn kan wà tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí ẹ tó dá àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn yín lóhùn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Màmá ra ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń ta ẹ̀sìtéètì wa. Iléeṣẹ́ kò sọ pé ojú ọ̀nà odò Ìsánrin ni. Òjò àkọ́kọ́ ló sọ. Màmá dúró, wọ́n rí omi tó gba àárín ilẹ̀ wọn kọjá lọ sí abúlé ìsàlẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé bí àwọn bá kọ́lé síbẹ̀, ilé ẹlòmíràn ni omi náà yóò yà sí. Nígbà náà, gbogbo àwa tó kù ń da yẹ̀pẹ̀ dí omi. Màmá kò kọ́lé. Wọ́n gbin oparun àti ògùrọ̀ síbẹ̀, wọ́n sì ń yá ilé gbé títí ọjọ́ fi pé.

Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀, tí ilé rẹ̀ kángun sí ilẹ̀ náà, ló máa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín jù nípàdé: “Láńdọ́ọ̀dù tí kò nílé! Màmá, ṣé inú oparun lẹ ó máa gbé ni?”

Màmá á rẹ́rìn-ín. “Òun ni, Jímọ̀. Bí òjò bá lé ọ jáde, wá kanlẹ̀kùn.”

Lọ́dún tó kọjá, iléeṣẹ́ yìí kan náà dí odò lókè kí wọ́n lè rí ilẹ̀ tà sí i. Lọ́jọ́ tí omi já, ó gbé fẹ́ǹsì lọ rẹpẹtẹ. Nígbà tó dé inú oparun Màmá, ó rọlẹ̀, ó tàn ká, ó sì kọjá jẹ́ẹ́. Ẹnu ọ̀nà Jímọ̀ ló dé, kò wọlé. Láti ọjọ́ náà, Jímọ̀ ló ń gbé àga fún Màmá nípàdé.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, Jímọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, Kúbúrá, lọ wò wọ́n. Jímọ̀ bẹ̀ wọ́n: “Màmá, bó bá dọjọ́ náà, ẹ jẹ́ ká sin yín sórí ilẹ̀ yín. Ta ló tó kọ́lé lé yín lórí?”

Màmá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. “Èmi tí mo ní kẹ́ ẹ má da pàǹtí sétí omi táwọn ará ìsàlẹ̀ ń mu, èmi náà lẹ wá fẹ́ lọ dà síbẹ̀? Ẹ gbé mi lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé òkú lẹ fẹ́ fi ṣe ọlọ́dẹ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láàyè, ẹ dìde kẹ́ ẹ ṣọ́ ọ.”

A ti gbọ́ pé àwọn aṣojú iléeṣẹ́ náà gbé páálí mínírà wá kí yín, pé wọn kò tíì jókòó tán tí wọ́n fi ń bèèrè ẹni tí ilẹ̀ náà kàn. Tiyín ni ilẹ̀. A kò lè pàṣẹ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ̀ fún wọn, ẹ kò dá kọ̀. Ní Sátidé tó kọjá, Jímọ̀ gbé òòlù, ó wó fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ fún omi. Gbogbo àwa tí ilé wa wà létí odò ti ń wó tiwa. A ó gbin oparun sáyè náà: ti Màmá yóò kọjá ààlà ilẹ̀ wọn, yóò dé ibi afárá odò. Bí iléeṣẹ́ bá fẹ́, kí wọ́n gbé katapílà wá. Kò ní bá ibojì kankan níbẹ̀. Àwa ni yóò bá.

Kí Ọlọ́run tó la ọ̀nà fún omi tù yín nínú, Tẹniọlá. Kí ó fún Màmá ní ìsinmi tí wọn kò fún ara wọn láyé, kí ó má sì jẹ́ kí ọwọ́ tiwa rọ.

Jonah Olúgbádé,
Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́.

Kúbúrá ló sọ ọ̀rọ̀ ọsibítù yẹn fún wa. Ó ní kí a kọ ọ́ bí Màmá ṣe sọ ọ́ gan-an, kí a má fi iyọ̀ sí i.