Àpótí Tí Mo Gé Lẹ́sẹ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín ló ń kọ̀wé. Ẹ má bínú pé ìlà ìwé yìí ń rìn bí akàn, kì í ṣe àìmọ̀wé nìkan ló fà á. Ìka méjì ló ti kú lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo gé ọmọńdinrín mi jẹ láàárọ̀ yìí, àfi bí ẹni gé igi jẹ.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. N kò rí ẹni sọ ọ́ fún, torí gbogbo Ugbóńlá ló mọ̀ mí sí akọni.

Ẹ ò bá rí ilé mi lórí omi báyìí! Páànù ni mo fi bò ó. Ọ̀bẹ mi ni alásè ajẹ́lẹ̀ fi ń gé ẹran, kò sì sẹ́ni tó tì mí lẹ́yìn kí n tó débẹ̀. Ayùn tó ti gbó ni mo ń gé fi ṣe ọ̀bẹ, tí mo ń pọ́n lórí òkúta yín, èyí tí ẹ fi ọkọ̀ gbé wá láti òkè, títí yóò fi lè fá irun apá. Àwọn obìnrin Awoye tó ń la ẹja ní kí n ṣe ogójì fún wọn kí ìgbà ẹja tó wọlé. Mo fọwọ́ sọ̀yà níwájú wọn. Mọ́kànlá péré ni mo pọ́n tán tí èkejìlá fi bọ́ lọ́wọ́ mi, ó gba àlàfo pákó ilẹ̀ kọjá, ó di inú omi.

Ìyàwó mi ń wò mí. Ó ní, “Baba wọn, ṣé ẹ fẹ́ kí ẹja náà ní ọ̀bẹ tirẹ̀ ni?” Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí ẹ lọ, ife omi máa ń bọ́ lọ́wọ́ yín nídìí oúnjẹ, mo sì máa ń fi yín ṣẹ̀sín. Ṣé ìka yín ló ti kú nígbà yẹn? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Ọkọ̀ kan kì í kọjá kí ẹ má gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹ óò dìde, ẹ óò gbọn ọwọ́ méjèèjì sí wọn, ẹ óò béèrè ilé àti ọmọ. Mo ní ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ló pọ̀ lẹ́nu yín. Èmi ra agogo. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán gangan, ìdí mi kì í kúrò lórí àpótí ìjókòó tí ẹ gbẹ́ sílẹ̀. Mo sì ń fi yangàn!

Àpótí ọ̀hún gan-an ni ẹjọ́ mi. Ọjọ́ kẹjọ tí a sin yín, mo rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju ti iwájú lọ. Mo ní ẹ gbẹ́ ẹ tì. Mo fi ayùn gé e kó lè jókòó dọ́gba.

Lánàá, mo jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n fà gòkè létí odò, tí ìdí rẹ̀ ga, tí imú rẹ̀ ṣì wà nínú omi. Mo ń pọ́n ọ̀bẹ kan níbẹ̀. Ara mi ń lọ síwájú fúnra rẹ̀, òun ló ń tẹ ọ̀bẹ mọ́ òkúta. Ọrùn-ọwọ́ mi kò ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ìgbà náà ni àpótí yín sọ sí mi lọ́kàn: ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ni.

Mo ti fi àjẹ̀ ìtukọ̀ tó ti dá há abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí. Mo ránṣẹ́ sí Awoye pé kí wọ́n ní sùúrù, ohun tí n kò ṣe rí. Ọ̀bẹ mẹ́ta ni mo pọ́n lónìí. Nígbà tí ọkọ̀ kan ń kọjá, mo dìde, mo gbọn ọwọ́ méjèèjì sí wọn bí ẹ ti máa ń ṣe, ara ọwọ́ mi sì tú díẹ̀. Ìyá arúgbó kan pariwo láti inú rẹ̀: “Yéè! Baba ẹ ló dìde yẹn!”

Ọmọńdinrín mi ń ta mí díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ata bá kàn án. Ṣé ó ń jí ni, Bàbá, àbí bí tiyín náà ṣe ṣe nìyí kó tó di pé kò gbé ife mọ́?

Èmi ọmọ yín, tí mo fi ayùn ṣàtúnṣe ohun tí kò bàjẹ́, tí mo sì fẹ́ràn yín.