Olúdáre Fẹ́ Kúrò ní Ìlú Oòrùn

Ẹ̀yìn Ọjà,
Ayédé-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Olúdáre, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí Ayọ̀mídé ọmọ wa tó ń tọ́jú rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ tí wọn kì í gbọ́ ohun tí mo bá ń sọ lórí fóònù. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ibùsùn. Ní tèmi, eegun ń ro mí, ojú ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n mo ṣì ń dá oúnjẹ mi sè, mo sì ń fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúpẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú tó kọjá la ṣì sọ̀rọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ fún mi lórí fóònù. Ìgbàkígbà tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, tí o bá ní, "Ilésanmí, mo ń bọ̀ nulé, ulé ni mo fẹ́ kú sí," ohun tó máa ń jáde lẹ́nu mi ni, "Máa bọ̀, ọ̀rẹ́ mi." Tí mo bá wá gbé fóònù sílẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti tábìlì lónìí. Inúmidùn, ọmọ àbúrò rẹ, ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni yóò mú ìwé yìí wá fún ọ.

Mo rántí ìgbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Mesa lókè òkun. Òjò kò jẹ́ kí kòkó wa gbẹ lọ́dún yẹn, gbogbo rẹ̀ ń bu lórí ẹní. O gbé fóònù sókè kí n lè rí ojú ọ̀run ibẹ̀, kò sí ìkùukùu kan ṣoṣo. O ní àárín aṣálẹ̀ ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, ó sì tóbi débi pé èèyàn á wa mọ́tò títí á rẹ̀ ẹ́, inú ìlú kan náà ló ṣì wà, ilé kan náà, òrùlé kan náà, òkúta wẹ́wẹ́ níwájú ilé níbi tó yẹ kí koríko wà. O ní àwọn tí òtútù ti lù pa níbòmíì ló ń wá sinmi níbẹ̀ tí wọ́n bá ti fẹ̀yìn tì. Mo ní kí o bá mi di oòrùn yẹn sínú àpò kan, kí n fi sá kòkó. O rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú ọ. Kò sẹ́ni tí kò jowú rẹ ní Ayédé nígbà náà, èmi gan-an jowú rẹ.

Èmi mọ ọjọ́ tí ìlú náà sú ọ. O jí láàárọ̀, o wọ bùbá rẹ, o ní kí o lọ bi àwọn aládùúgbò bí wọ́n ti jí, bí àgbàlagbà ti í ṣe níbí. O kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, wọn ò dáhùn. O kan èkejì, obìnrin kan yọjú láti ojú fèrèsé, ó sì tún padà sẹ́yìn. Kí o tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀kẹta, ọkọ̀ ọlọ́pàá ti dúró. Wọn ò fìyà jẹ ọ́, o ní wọ́n tiẹ̀ fún ọ lómi tútù. Wọ́n kàn rò pé bàbá arúgbó kan ló ṣìnà. Wọ́n gbé ọ padà sí ilé tí o ṣì ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, Ayọ̀mídé sì ní láti sáré ti ibi iṣẹ́ dé kó wá ṣàlàyé pé bàbá òun kò sọnù. Nígbà tí o sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ìwọ ò rín-in. O ní, "Mo kí èèyàn káàárọ̀, wọ́n ní mo sọnù." Láti ọjọ́ yẹn ni o kò ti ní ọ̀rọ̀ méjì mọ́ ju ilé lọ.

Wàyí o, o ti ní kí n tún òrùlé rẹ ṣe, kí n kun ilé, kí n sì ro ẹ̀gbẹ́ ibojì Ìyá Ayọ̀mídé, pé kí Kérésì tó dé ìwọ náà á ti dé. O ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ ti sú ọ, pé kí wọ́n tú ọ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kí o wá lo ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù láàárín àwọn èèyàn rẹ. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Tó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí màá sọ náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rẹ wo? Adétúnjí, ẹnì kẹta wa, ti kú, o mọ̀. Bẹ́ǹṣì tí a máa ń jókòó sí níwájú ilé rẹ, èmi nìkan ló kù tí mò ń jókòó sí i. Àwọn ọmọ tó ń gun ọ̀kadà kọjá máa ń kí mi dáadáa, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá," kí n tó la ẹnu wọ́n ti wà lọ́nà Òyè. Nígbà mìíràn, ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, Olúdáre, kò ní sí ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ nípa ìyàwó mi, Adébísí. Mo ní ó sun oorun ìsinmi. O wà lókè òkun, ara tìrẹ náà kò dá, kí ni kí n tún máa sọ? Àìsàn kíndìnrín tó wà lára rẹ yìí gan-an ló pa á. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọ náà ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣe dáadáa sí wa, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ọ̀nà ló pa wá. A ó ti jáde nílé kí ojúmọ́ tó mọ́, á máa bì nínú takisí, tí a bá sì padà dé, ṣe ni mo máa ń gbé e wọlé. Ìwọ, mọ́tò tó tutù ni ọmọ rẹ fi ń gbé ọ lọ, ẹ ó sì ti padà kó tó di ọ̀sán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti wọ bàtà, mo ti gbé àpò, ó wò mí, ó ní, "Bàbá Fẹ́rànmí, ó tó. Má gbé mi lọ mọ́."

Mo gbọ́ tirẹ̀. Mo rò pé yóò kàn rẹ̀ ẹ́ títí, tí yóò fi sùn lọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo ara rẹ̀ wú, kò rí èémí mí, ó ń bẹ̀ mí pé kí n ṣí fèrèsé tó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀. Ó jà fún ọjọ́ púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú, kò sí nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe. Ìyẹn ni ikú ilé tí o ń pè yẹn. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ó sì ń rẹ̀ mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mi ò lè wò ó lẹ́ẹ̀kejì lára rẹ.

Má rò pé mi ò fẹ́ kí o wá. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tó o láyé yìí. Bí mo bá gbọ́ tí ọkọ̀ dúró, màá ní bóyá o ti dé láìsọ fún mi. Èmi lo máa jókòó tì, èmi lo máa bá jiyàn lórí ìwàásù, èmi lo máa pa láyò lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí mo bá ń ní kí o máa bọ̀, tara mi ni mò ń rò. Nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù bà mí.

Nítorí náà, mo ti ṣe ohun tí o kò rán mi. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan wà ní yunifásítì Òyè, Abdulazeez lorúkọ rẹ̀, ará apá Ìlọrin ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn ti ń wá ilé kiri, mo sì ti fi tìrẹ fún wọn. Òrùlé tí o ní kí n tún ṣe, mo tún un ṣe, wọ́n ti ń gbé lábẹ́ rẹ̀. Yàrá rẹ náà, àwọn ọmọ ló ń sùn síbẹ̀. Ẹrù rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ torí o ò bá ti kọ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi.

O mọ ohun tó túmọ̀ sí fún àgbà tó ti kọ́lé nínú ìlú, kó wá tún lọ wọ̀ sí ilé onílé nínú ìlú kan náà. O ò ní ṣe é, Olúdáre. Mo mọ̀ ọ́. Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn. Bí o bá sì ní tèmi ńkọ́, ilé mi kò ṣí fún ọ. Mo kọ ọ́ tán, mo tún un kà, mi ò pa á rẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ Ìyá Ayọ̀mídé wà bó ṣe wà. Mo ti fi han Abdulazeez, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí Ọlọ́run bá fúnra rẹ̀ pè ọ́, àwọn ọmọ á gbé ọ wálé, bí mo bá wà, èmi ni màá dúró níbẹ̀. Kí á má ṣe lọ fọwọ́ ara wa pe ikú ni mò ń wí.

Mo mọ̀ pé inú á bí ọ. Ìbínú rẹ ti mọ́ mi lára láti kékeré. Máa bínú, ọ̀rẹ́ mi, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ ẹ̀rọ bá tún pé, wọ mọ́tò Ayọ̀mídé, kí o lọ máa bínú níbẹ̀.

Kí Olúwa tó mú ọ dé ilẹ̀ yẹn má fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kó fún ọ lágbára, kó fún Ayọ̀mídé ní sùúrù, kó jẹ́ kí ẹnì kan ṣílẹ̀kùn fún ọ níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó sì dá ọ lóhùn. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, bí o ò bá tiẹ̀ fẹ́ pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí,

Ilésanmí.

Àfikún: Bí o bá fẹ́ bú mi, ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni kí o pè. Màá gbé e. Bú mi dáadáa, má yára. Kò ku ẹnikẹ́ni mọ́ láyé tó lè bú mi.