Ìlù Nínú Fíìmù Igogo

Ọ̀wọ̀, Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kọkànlá, 1997

Níbi àjọ̀dún sinimá àgbáyé, èyí tí wọ́n ní yóò jẹ́ kí ẹ̀yà gbogbo mọ ara wọn, wọ́n fi fíìmù ọdún Igogo wa tí Adé, àbúrò mi olóògbé, yà hàn lónìí. Adé kò gba ohùn sí i. Wọ́n ti fi ìlù sí i.

Ìlù, nígbà Igogo! Agogo nìkan là ń lù ní àkókò náà. Èèwọ̀ ni ìlù.

Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin ará Èkó tó ń darí ètò náà.

"Ọmọ mi, ẹ bá wa yọ ìlù yìí."

"Háà, Mama wa! Láìsí ìlù, oorun ni wọ́n máa sùn. Ta ló máa mọ̀ nílùú òyìnbó?"

"Àwa mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin wo, Mama?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ṣì ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Fẹ́mi, tí a jọ dàgbà, ń jó lórí ìjókòó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ pé ẹ̀dà tó ń lọ sókè òkun ti wà nílẹ̀, kò ṣeé tún ṣe mọ́. Mo ní kí ó kúkú yọ orúkọ Adé kúrò lára páálí fíìmù náà.

"Ìyẹn ò le, Mama."

Ó fa báírò yọ, ó pa á rẹ́ níṣojú mi. Kò tilẹ̀ béèrè ìdí.